Ìwé Wo Lẹ Gbádùn Jù Láti January? Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìjókòó Ìwé Àárín Ọdún

Bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ báyìí ni ìbéèrè kan náà máa ń dé sí mi lọ́wọ́: "A fẹ́ jókòó pọ̀ kí oníkálukú sọ ìwé tó dùn mọ́ ọn jù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní di ariwo lásán?" Mo ti dáhùn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́, fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, fún ìyá kan tó fẹ́ ṣe é fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin nínú pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ síbi kan wàyí.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ: ìjókòó yìí yọrí bí ẹnì kan bá mú ìwé ẹlòmíràn relé, tó sì kà á. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má sún un di oṣù kejìlá. Ìrìn àjò, aṣọ ẹbí àti ìnáwó ọdún ti gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn nígbà náà. Ní àárín ọdún, oṣù mẹ́fà gbáko ṣì wà níwájú tí ìwé lè fi ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

1. Ẹ mú ọjọ́. Ní ọdún tó ní ọjọ́ 365, ọjọ́ kejì oṣù keje ló pín ọdún sí méjì géérégé: ọjọ́ 182 ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 182 lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dè yín mọ́ ọn. Sátidé èyíkéyìí láàárín oṣù kẹfà àti oṣù keje ti tó. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, tí gbogbo Nàìjíríà ń gba ìsinmi, náà dára. Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà fún Iléyá, nítorí ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Bí olùkọ́ bá pọ̀ láàárín yín, ẹ má gbé e sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

2. Ẹ díwọ̀n iye ènìyàn. Ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá ni mo fara mọ́. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti sọ̀rọ̀, tí a sì fi méjì kún un fún ìbéèrè, ènìyàn 12 ti gba wákàtí kan gbáko. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín ara yín sí agbo méjì.

3. Ẹnì kan, ìwé kan. Òfin yìí ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín yí padà. Ẹni tó bá mú ìwé márùn-ún wá yóò ka orúkọ wọn bí ẹni ka ìwé ìpè ọmọléèwé, ìkankan nínú wọn kò sì ní wọ ẹnikẹ́ni létí.

4. Ẹ ṣàlàyé ohun tí "láti January" jẹ́. Ìgbà tí ẹ ka ìwé là ń wò, ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọ́. Ìwé tí bàbá yín rà ní 1975, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ní oṣù kẹta, ìwé ọdún yìí ni lọ́wọ́ yín. Mo rí olùdarí kan tó ní ìwé tó jáde láàárín ọdún méjì nìkan lòun ń fẹ́. Ìdajì àwọn tó pè ni kò wá, nítorí wọn kò lówó ìwé tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ kọ̀wé pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ tún rán wọn létí nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè da èyí kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù keje, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó sọ ìwé kan ṣoṣo tí oníkálukú wa gbádùn jù láti January. Ẹ mú ìwé náà gan-an dání. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá lè yá ènìyàn, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ yín sí ojú ewé àkọ́kọ́."

Bí ẹ ṣe máa mú ìwé kan láàárín ọ̀pọ̀

Ibí yìí ni àwọn tó ń kàwé gan-an ti máa ń ṣe wàhálà jù.

1. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ìwé tí ẹ ti kà láti January sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Ìwé oṣù tó kọjá ló máa ń sáré wá sí ọkàn, èyí tí ẹ kà ní oṣù kejì a sì fara pamọ́. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo inú báàgì, ẹ wo inú fóònù.

2. Ẹ wá bi ara yín: èwo ló jẹ́ kí ọkọ̀ gbé mi kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù mi? Èwo ni mo sọ fún ẹni tí kò bi mí? Èwo ni mo tún padà ṣí lẹ́yìn tí mo parí rẹ̀? Ìwé tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ni.

3. Ẹ wo àwọn tí ẹ jọ máa jókòó. Bí méjì bá ń bá ara wọn dù, ẹ mú èyí tí ẹ mọ̀ pé ó kéré tán ẹnì kan níbẹ̀ máa fẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí ènìyàn mú ìwé tó níyì dípò ìwé tó gbádùn. A máa ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ka ìwé ńlá. Ṣùgbọ́n ojú kì í purọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìwé tí kò wọ̀ yín lára, gbogbo agbo á mọ̀. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ mú ìwé ìtọ́jú adìyẹ wá sí ìjókòó wa. Ó ka ibi tí wọ́n ti sọ bí òòru ṣe ń pa adìyẹ, ó sì sọ iye adìyẹ tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ka ojú ewé yẹn. Kò sí ẹni tó wo fóònù. Ènìyàn mẹ́ta ló ń du ìwé náà lẹ́yìn ìjókòó, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní adìyẹ kankan nílé.

Ìkìlọ̀: fíìmù kì í ṣe ìwé. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni *Ó Le Kú*. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé náà jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1997. Ojú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ Àjàní àti Àṣàkẹ́, wọ́n á sì búra pé àwọn ti ka ìwé náà. Bí ẹ bá ń darí, ẹ kàn bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ojú ewé wo ló wù wọ́n jù. Bí ó bá jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n wò, ẹ má dójú tì wọ́n. Ẹ yá wọn ní ìwé náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta: ohun tí ẹ máa sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ìtàn inú ìwé là ní kí àwọn rò. Rárá o. Bí ẹ bá rò ó tán, kí ló kù tí ẹlòmíràn máa kà? Ẹ tẹ̀lé e báyìí:

1. Orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, èdè tó wà, àti bí ó ti nípọn tó. Ẹ gbé e sókè kí wọ́n rí i. Bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tó ka ti Yorùbá àti ẹni tó ka ti Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó ti ara wọn kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu, torí adùn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìwé kò rí bákan náà.

2. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ní gbólóhùn méjì. Ẹ dúró síbẹ̀.

3. Ohun tó ṣe sí yín. Níbo lẹ wà? Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹ pa tì nítorí rẹ̀? Èrò wo ló yí padà nínú yín?

4. Ìpínrọ̀ kan tí ẹ máa kà sókè. Kí ó wá láti ìlàjì àkọ́kọ́ ìwé náà, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ.

5. Ẹni tí ìwé náà wà fún, àti ẹni tí kò wà fún. Ẹ má fo ìkejì yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ yín sọ pé "kò ní dùn mọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn ìtàn gígùn" yóò gba yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ní yóò dùn mọ́ òun.

Ẹ gbọ́ bí èyí tí kò dára ṣe ń dún:

"Ìwé yìí dùn gan-an. Ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ló yẹ kó kà á."

Kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ìkejì:

"Ìwé mi ni *Àjà Ló Lẹrù*. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ ọ́, 1969 ló kọ́kọ́ jáde, Yorùbá ni. Làpàdé, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ló ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi kà á títí bátìrì fi kú, mo wá jókòó sínú òkùnkùn, inú ń bí mi. Ohun tó dì mí mú ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀: ó dà bí ẹni pé mo dúró ní gáréèjì tí mò ń gbọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́, kó dúró de ẹlòmíràn."

Kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ sì ti mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ kò fẹ́ ẹ.

*Kíkà sókè.* Bí Yorùbá ni ìwé náà, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nílé ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìwé wa ni wọn kò fi àmì ohùn sí dáadáa, tí "igba", "igbá" àti "ìgbà" á fi jọra lójú ìwé. Bí ẹ bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì, adùn ìpínrọ̀ náà ti bọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974 tí wọ́n tún àkọtọ́ ṣe, ẹ óò bá "aiye", "enia" àti "nwọn" pàdé. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. "Ayé", "ènìyàn" àti "wọ́n" náà ni. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù sàmì ohùn sórí ìpínrọ̀ tí mo bá fẹ́ kà, màá sì pa á rẹ́ lẹ́yìn náà bí ìwé náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó kúrò nílé:

- Ìwé náà wà nínú báàgì
- Bébà ti wà ní ojú ewé tí ẹ máa kà
- Ẹ ti fi aago fóònù wọn ọ̀rọ̀ yín, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta
- Ẹ mọ ẹni tí ìwé náà wà fún

Ní ọjọ́ náà

1. Ẹ to àga ní òbìrípo. Bí àga bá to bíi ti kíláàsì, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní sọ̀rọ̀.

2. Ẹ yan ẹni tó máa ṣọ́ aago. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọgbọ́n ní ilẹ̀ wa, nítorí kò sí ọmọ tó lè sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tó. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi aago náà lé ẹni tó dàgbà jù nínú agbo lọ́wọ́. Bí Màmá tàbí Bàbá bá na ọwọ́ sókè, kò sí ẹni tí inú á bí, àwọn náà kì í sì fẹ́ rú òfin tí wọ́n ń ṣọ́.

3. Olùdarí ni kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí ó sì tètè parí. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ènìyàn á lo mẹ́wàá.

4. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè méjì péré. Bí àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó di ìgbà tí a bá ń jẹun.

5. Kí ẹnì kan máa kọ orúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé sílẹ̀. Kí ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

6. Oúnjẹ kó wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Epo mọ́í-mọ́í àti ojú ewé kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Kí ìwé tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn

Mo ti pàdánù ìwé tó pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ máa ṣírò lọ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìyá mi, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan yá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí. Nítorí náà, ẹ má yá ẹnikẹ́ni níwèé láìkọ ọ́ sílẹ̀, kódà bí ẹ bá jọ jáde láti inú kan náà.

1. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: orúkọ ìwé, ẹni tó ni ín, ẹni tó yá a, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó máa dá a padà.
2. Oṣù kan fún ìwé tí kò tó ojú ewé 200, oṣù méjì fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.
3. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà pẹ̀lú ẹni tó gbà á. Kì í ṣe torí àìfọkàntánni. A máa ń gbàgbé ni.
4. Ìwé tí ẹ kò lè fara da kó sọnù, ẹ má yá a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lọ rà á.

Ìkìlọ̀ lórí PDF. Ẹnì kan á dìde ṣáá, á ní òun ní PDF rẹ̀, kí òun jù ú sí orí WhatsApp. Ẹ kọ̀ ọ́. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe, tó ń jẹ́ Copyright Act 2022, kò fàyè gbà á, ẹ̀yin tí ẹ sì ni agbo náà lẹ pèsè ibi tí wọ́n ti ń pín in. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn tó ń kọ ìwé Yorùbá kò pọ̀, owó tó ń wọlé fún wọn kò sì tó nǹkan. Ẹ kò lè sọ pé ẹ gbádùn iṣẹ́ ènìyàn lórí àga, kí ẹ sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀:

- Ènìyàn mẹ́ta lè dáwó ra ẹ̀dà kan, kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé ara wọn.
- Ẹ wá a ní láíbìrì ìjọba ìpínlẹ̀ yín tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí.
- Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ìwé. Ìwé Yorùbá tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i.
- Bí ẹ bá ń tọ́ka ibi tí wọ́n ti lè rà á, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibẹ̀ ṣì wà. OkadaBooks, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ka ìwé lórí fóònù, ti kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ kí wọ́n máa darí ènìyàn lọ síbẹ̀.

Bí ẹ kò bá lè pàdé lójúkojú

Bí àwọn ènìyàn yín bá wà lókè òkun, orí WhatsApp lè gbé e. Ẹ má lo ìpè fídíò bí ẹ bá ju mẹ́jọ lọ, dátà á tán, iná á lọ, wọ́n á máa pariwo "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

1. Ẹ dá agbo tuntun fún un, tí ẹ ó tì pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá ṣe é nínú agbo ẹbí, ọ̀rọ̀ ìnáwó á bò ó mọ́lẹ̀.
2. Kí oníkálukú gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú, kí ó sì ya fọ́tò èèpo ìwé náà.
3. Ẹ fi àkókò kan sí i tí gbogbo ènìyàn á wà lórí fóònù. Nínú oṣù kẹfà àti keje, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Èkó ni aago márùn-ún ní Kútọnu àti ní London, aago mẹ́rin ní Lomé, aago kan ọ̀sán ní Salvador ti Bàhíà, aago méjìlá ọ̀sán ní New York, àti aago mọ́kànlá àárọ̀ ní Houston. Ẹ má lo òǹkà yìí fún oṣù kejìlá, nítorí London, New York àti Houston a máa yí aago wọn padà.
4. Kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ẹnì kan sí èkejì.
5. Lẹ́yìn náà, ẹ bi agbo ní ìbéèrè kan: "Ìwé ta lẹ máa kà tẹ̀lé e?" Ìbéèrè "ìwé ta ló dára jù" ń dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

*Mi ò tíì parí ìwé kankan láti January. Ṣé kí n wá?* Ẹ wá. Ẹ sọ ti èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ojú ewé tí ẹ dé. Ẹni tó sọ òótọ́ yìí máa ń jẹ́ kí àwọn mìíràn tó ń bẹ̀rù fara hàn.

*Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà á, Yorùbá ni agbo ń sọ.* Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá sọ ohun tó wí ní Yorùbá.

*Ìwé tí mo gbọ́ létí ńkọ́?* Ó wọlé. Ẹ sọ ẹni tó kà á sókè, nítorí ohùn burúkú lè ba ìwé rere jẹ́.

*Ẹnì kan ń bú ìwé tí mo fẹ́ràn.* Ẹ jẹ́ kó sọ ojú ewé tó bí i nínú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa bá ètò lọ.

*Àwọn ọmọdé ńkọ́?* Ìṣẹ́jú kan péré fún wọn, kí wọ́n fi àwòrán inú ìwé hàn. Ẹ má tún gírámà wọn ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí ẹ bá dójú tì lórí ìwé lónìí kò ní mú òmíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà

Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń gbàgbé. Ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, kí ẹ pe àwọn tó yá ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi "níbo ni ìwé wà?" bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ojú ewé wo ni wọ́n dé. Ẹni tó bá ti parí, ẹ fún un ní nọ́ńbà ẹni tó ni ìwé náà, bí olúwarẹ̀ bá gbà, kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣí i rárá, ẹ gbà á padà pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí ẹ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà.